Ọjọ́ tí mo fi páálí sílé

Ohun tí mo fi to ọjọ́ yìí pọ̀ ò ju mẹ́ta lọ: fọ́tò 61 tó wà nínú fóònù mi, tí wákàtí tí mo ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà lójú ọ̀nà, àti àkọsílẹ̀ ìpè méjì tí Màámi pè mí. Èyí tí kò sí nínú wọn ni àyà tó ń já mi láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí aago mẹ́ta ọ̀sán fi kọjá. Ìyẹn ò sí nínú fóònù, ṣùgbọ́n mo rántí rẹ̀ ju gbogbo fọ́tò lọ.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún ni. Lund, ní gúúsù Swídìn, ni mo ti ń kàwé nígbà náà, ọdún kejì mi sì ń lọ sópin.

5:10 àárọ̀

Oòrùn ti yọ. Níbẹ̀ yẹn, tí oṣù Karùn-ún bá ń parí lọ, oòrùn a ti yọ kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù, kò sì ní wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tó mọ̀ pé ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà látọdún dọ́dún, ara rẹ̀ kì í gbà á bọ̀rọ̀. Mo fa aṣọ borí, ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìdánwò ti parí ní Ọjọ́bọ̀. Kò síbi tí mò ń lọ, kò sì sẹ́ni tó ń retí mi.

6:30 àárọ̀

Àwa mẹ́wàá la jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ọmọkùnrin ará Finland tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ń po kọfí. Mo bi í pé kí ni yóò fi òní ṣe. Ó ní bóyá òun á lọ jẹ búrẹ́dì ní Copenhagen, bóyá òun á padà lọ sùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ronú èyí tí yóò wọ̀ nínú ṣòkòtò méjì. Copenhagen, ní Dẹ́ńmáàkì, orílẹ̀-èdè mìíràn ni o.

Ọdún méjì ni ìwà yìí fi ń yà mí lẹ́nu. Nílé wa, ìrìnàjò òjijì kì í sábà ṣe ire. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń sáré sọ aṣọ méjì sínú báàgì láàárọ̀ Sátidé, tó ní Abẹ́òkúta lòun ń lọ, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé kò sí?" Ìrìnàjò ìgbádùn, oṣù méjì sílẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ: aṣọ ẹbí, owó ọkọ̀, ẹni tó máa jókòó ti ọmọ, ẹni tó máa gbàdúrà sí i. Ẹni tó bá dédé gbéra, òkú ló ń lọ sin tàbí aláìsàn ló ń lọ wò. Kí ènìyàn dédé gbéra nítorí pé oòrùn ràn, èmi ò rí i rí kí n tó dé Lund.

Bóyá oòrùn náà ló sún mi ṣe é. Mo bu jọ̀lọ́ọ̀fù àná sínú ike, mo wá ṣíbí, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo bọ́ síta. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Inú mi ń dùn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀.

7:20 àárọ̀

Mo gun kẹ̀kẹ́ gba iwájú kàtídírà kọjá. Aago ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1424, tí àwọn ère kéékèèké máa ń jáde lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti wá forí balẹ̀ fún Màríà àti ọmọ rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń kọjá níbẹ̀ láìyà wò ó. Ẹ má bá mi wí. Ẹ lọ ka iye ọmọ Ìbàdàn tó ti gun ilé ìṣọ́ Bower lórí Òkè Àárẹ̀.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, Copenhagen ló kọ́kọ́ hàn lójú ẹ̀rọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Òun ni mo tẹ̀.

8:10 àárọ̀

Lẹ́yìn Malmö, ọkọ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀, ó yọ ní Hyllie tí í ṣe ibùdó tó gbẹ̀yìn ní ilẹ̀ Swídìn, ó sì bọ́ sórí afárá tó gba orí omi Øresund kọjá. Wọ́n ṣí afárá yìí ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, 2000. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ, ọkọ̀ ojú irin ń gba ìsàlẹ̀, mọ́tò ń gba òkè, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. (Afárá Third Mainland ti Èkó gùn jù ú lọ, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ará Swídìn tó fẹ́ gbọ́ àti èyí tí kò fẹ́.) Tí ọkọ̀ ojú irin bá dé agbami, ó máa bọ́ sórí erékùṣù kan tí ọwọ́ ènìyàn dá, Peberholm, lẹ́yìn náà á rì wọ ihò tó gba abẹ́ òkun fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Pápákọ̀ òfurufú Copenhagen ló fa ìyẹn: etí omi ló wà, òpó afárá gíga ì bá sì dí ọkọ̀ òfurufú lọ́nà.

Ẹnikẹ́ni kò gbé Peberholm. Wọ́n fi sílẹ̀ kí koríko àti ẹyẹ fúnra wọn wá tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn onímọ̀ sì ń lọ kà wọ́n. Mo gbé fóònù sókè láti yà á. Fọ́tò kẹrin nìyẹn, ó rí bàìbàì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti rántí pé páálí mi wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní Lund.

Mo tú báàgì. Ike jọ̀lọ́ọ̀fù, ṣíbí, síwẹ́tà, pọ́ọ̀sì. Nínú pọ́ọ̀sì, káàdì ìgbélùú tí Swídìn fún mi. Káàdì yẹn gbà mí láyè láti dé àwọn orílẹ̀-èdè Schengen yòókù fún 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́, ṣùgbọ́n páálí gbọ́dọ̀ bá a rìn. Òkùnkùn abẹ́ òkun bo fèrèsé, mo rí ojú ara mi nínú gíláàsì.

8:40 àárọ̀

Ibùdókọ̀ ńlá Copenhagen. Èmi nìkan ló dúró lójú kan níbẹ̀.

Ẹni tó ń lọ sí Dẹ́ńmáàkì láti Swídìn kì í sábà rí ẹni tó bi í léèrè. Ìpadàbọ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù Kọkànlá 2015, nígbà tí àwọn tó ń sá ogun ń gba orí afárá yìí wọ Swídìn, ìjọba ibẹ̀ dá àyẹ̀wò ìwé padà sí ẹnubodè náà, àwọn ọlọ́pàá sì ń wọ inú ọkọ̀ ní Hyllie tí wọ́n ń wo ìwé èrò. Bí mo bá gba ibi tí mo gbà wá padà, ó dájú pé màá bá wọn.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àríwá dé Helsingør, níbi tí omi ti fún débi pé kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ, kó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Helsingborg ní Swídìn, kó sì tibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wálé. Òbìrìkítí gidi. Àwọn ará kọ́rídọ̀ wa máa ń sọ pé níbẹ̀, ìgbà mìíràn àwọn ọlọ́pàá wà, ìgbà mìíràn wọn kì í sí. Bí mo ṣe di ẹni tó lọ Helsingør nìyẹn. Kì í ṣe ìfẹ́ ìtàn, ojo ni.

9:35 àárọ̀

Kí n tó lọ, mo fẹsẹ̀ gba àárín ìlú dé etí omi. Òpópónà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Toldbodgade, òpópónà ilé aṣọ́bodè. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀rù aṣọ́bodè ń bà, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ gbé e lọ.

Ilé ìkẹ́rùsí gbọọrọ kan wà lójú ọ̀nà yìí láti ìgbà tí Dẹ́ńmáàkì ní erékùṣù ní Kàríbíánì. Ṣúgà àti ọtí rọ́ọ̀mù tó wá láti oko àwọn ẹrú ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ènìyàn tó lé ní 100,000 ni ọkọ̀ Dẹ́ńmáàkì kó kúrò ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Odi Christiansborg ní Òsú, ní Àkràá, ọwọ́ wọn ló wà kí wọ́n tó tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Wọ́n ta àwọn erékùṣù náà fún Amẹ́ríkà ní 1917, mílíọ̀nù 25 dọ́là. Mo fara ti ògiri ilé náà. Ògiri dáadáa ni, wọ́n kọ́ ọ fún ẹrù tó wúwo.

Ní 2018, obìnrin méjì, Jeannette Ehlers àti La Vaughn Belle, gbé ère obìnrin dúdú kan kalẹ̀ níwájú ilé yìí: Queen Mary, ìyẹn Mary Thomas, ọ̀kan lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké ní St. Croix ní 1878. Ó jókòó sórí àga bí ọba, ó mú ògùṣọ̀ lọ́wọ́ kan, ó mú àdá tí wọ́n fi ń gé ìrèké lọ́wọ́ kejì. Torí rẹ̀ ni mo ṣe yà síbẹ̀. Àmọ́ fóòmù ni wọ́n fi ṣe é, ìjì sì ti fọ́ ọ ní oṣù Kejìlá 2020. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni Dáfídì onídẹ, àwòkọ iṣẹ́ Michelangelo, tó wà níhòòhò tó ń wo omi. Ìjì ò rí tiẹ̀ ṣe.

10:25 àárọ̀

Mámíwọ́tà Copenhagen, èyí tí gbogbo ayé ń wá yà. Ọdún 1913 ni wọ́n gbé e sórí òkúta létí omi, kò ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Wọ́n ti gé orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 1964 àti 1998. Mo ya fọ́tò méjì, mo kọjá.

10:55 àárọ̀

Ọkọ̀ etíkun láti ibùdó Østerport. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Swídìn sì ń hàn lódìkejì, ó sún mọ́ni bí ilé aládùúgbò tí èèyàn ń bá jà. Ní Humlebæk, ìdajì èrò sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wo Louisiana, ilé ìṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní 1958. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé náà láyé àtijọ́ fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan, Louise sì ni orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Mo wo pọ́ọ̀sì mi, mo jókòó jẹ́ẹ́.

11:50 àárọ̀

Helsingør. Mo ti gun orí odi Kronborg, níbi tí àwọn àgbá ńlá ti kọjú sí omi. Ibí yìí ni Shakespeare gbé ìtàn Hamlet sí, gbogbo ẹni tó ń wọlé ló sì ń wá iwin bàbá Hamlet kiri. Èmi ò wá iwin. Mo ń wo bí omi ṣe fún tó. Mo ṣí ike mi, mo ti ṣíbí bọ ìrẹsì. Fóònù dún.

Màámi ni. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni nílé, wọ́n ti wà ní ìsọ̀ wọn ní Gbági.

"Kí ló ń ké lẹ́yìn ẹ yẹn? Adìẹ ni?"

"Ẹyẹ òkun ni, Màmá."

"Òkun?" Ohùn wọn yí padà. "Àbẹ̀kẹ́, níbo lo wà? Ṣé kò sí?"

Mo ní kò sí o, mo kàn jáde ni. Wọ́n ní jáde lọ síbo. Mo ní Dẹ́ńmáàkì. Wọ́n ní ta ló wà ní Dẹ́ńmáàkì. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n dákẹ́. Tí wọ́n bá pè mí ní oríkì tí wọ́n tún wá dákẹ́, ó yẹ kí n tètè wá nǹkan sọ, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ilé tí mo wà.

Mo ní ilé oníbodè ni. Láti 1429 ni ọba Dẹ́ńmáàkì ti ń gba owó ibodè lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá gba omi yìí kọjá, nígbà tí òdìkejì pàápàá ṣì jẹ́ ti Dẹ́ńmáàkì. Odi wà níhìn-ín, odi wà lọ́hùn-ún, àgbá wà lórí méjèèjì. Ọkọ̀ tí kò bá dúró, wọ́n á yin àgbá lù ú. Owó yẹn ló jẹ́ kí ọba Frederik Kejì lè sọ odi àtijọ́ di ààfin láàárín 1574 sí 1585. Swídìn gba òdìkejì ní 1658, síbẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ń gba owó náà lọ títí di 1857.

"Ní àárín omi?" Màámi bi mí. "Ọ̀nà tí Ọlọ́run là?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá sọ èyí tó dùn jù: iye tí ẹrù inú ọkọ̀ bá tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó ibodè, ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì máa dárúkọ iye náà. Ẹnì kankan ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọba ní ẹ̀tọ́ láti ra gbogbo ẹrù náà ní iye tí ó dárúkọ yẹn. Bó o bá pa iye mọ́ kí owó ibodè lè kéré, ọba lè fowó pọ́ọ́kú kó ẹrù rẹ lọ.

Màámi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín aláṣọ tó ti ná ọjà Dantokpa ní Kútọnu fún ọdún púpọ̀ ni. Láyé ìgbà kan, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń lọ sí Kútọnu, wọ́n á kó áńkárá àti léèsì dé ní Àìkú, a ó sì jókòó gbọ́ bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀kan rí, àwọn aṣọ́bodè dá wọn dúró láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó dá wọn dúró ló dárúkọ iye tí aṣọ náà tó, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó wá rà á níye yẹn.

"Ọgbọ́n ni wọ́n gbé kalẹ̀ o," ni wọ́n wí. Wọ́n ń dá oníbàárà kan lóhùn láàárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà: "Ṣé páálí ẹ wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní ó wà nínú báàgì.

1:15 ọ̀sán

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ààfin, níbi tí òkùnkùn ti ṣú birimù. Ère Holger Danske jókòó síbẹ̀, akọni tí wọ́n ní ó ń sùn títí ewu yóò fi wu Dẹ́ńmáàkì, nígbà náà ni yóò dìde. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó ká apá gbéra, idà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni mo rántí Ọ̀rànmíyàn tí òun náà ní kí àwọn ará Ifẹ̀ pe òun tí ogun bá dé, tí wọ́n wá pè é lásán, tó sì yọ bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí kó tó mọ̀ pé ogun ò sí. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ò tíì pe tiwọn. Ọmọ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́ pè é, ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

2:30 ọ̀sán

Ọkọ̀ ojú omi. Ogún ìṣẹ́jú péré ló fi ń sọdá. Méjì lára àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà yìí, Tycho Brahe àti Aurora, bátìrì ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, apá ẹ̀rọ kan á nà jáde láti èbúté, á ki iná bọ̀ wọ́n lára, bí ẹni ń ṣáàjì fóònù.

Ní tábìlì tó kàn mí, àwọn àgbàlagbà mẹ́rin ń jẹ ẹja, wọ́n ń mu bíà. Mo rò pé wọ́n máa sọ̀ ní Helsingborg. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé rárá, àwọn ti lọ, àwọn ti bọ̀, ìkẹta àwọn rè é láti ọ̀sán, àwọn ò sì tíì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará Helsingborg ní ọ̀rọ̀ kan fún un: tura. Ènìyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á jókòó, á máa jẹ, á máa mu, ọkọ̀ á máa gbé e láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì bí ìgbà tí wọ́n ń mi ọmọ jòjòló. Láti ìgbà tí mo ti dé Swídìn, n kò tíì rí ohun tó jọ ọrọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò wo ìta. Èmi ni mò ń wo ìta, tí mò ń ka ìṣẹ́jú.

2:55 ọ̀sán

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni ènìyàn ń gbà jáde. Ní ìparí rẹ̀, ọlọ́pàá méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan.

Wọ́n jẹ́ kí ẹni márùn-ún kọjá láìbi wọ́n ní nǹkan kan. Ó kàn mí, obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. Mo fún un ní káàdì mi kó tó sọ̀rọ̀. Ó wo iwájú, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ojú mi. Ó bi mí ní èdè Swídìn pé páálí ńkọ́. Mo fi èdè Swídìn tí mo ní sọ fún un pé ó wà nílé ní Lund, nínú dúrọ́ọ̀, pé mo gbàgbé ni, pé mo kàn jáde ni. Gbólóhùn tí mo sọ fún Màámi gan-an ni. Ó ní kí n ṣí báàgì. Ó rí ike òfìfo tí epo jọ̀lọ́ọ̀fù ti pa ìdérí rẹ̀ pọ́n. Ó bi mí ohun tí mò ń kà ní yunifásítì, mo sọ. Ó da káàdì padà, ó ní òfin ni kí n máa mú páálí dání, kí n má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, gẹ́gẹ́ bí fọ́tò tó wà ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Orúnkún mi ò tíì padà sípò nígbà tí mo gbọ́ tí ọkùnrin kejì ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi pé kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Dúdú bíi tèmi ni, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ó di àpò ọ̀rá kan mú. Òun náà ní ìwé kan lọ́wọ́, ìwé lásán, kì í ṣe káàdì. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn. Ó ṣì dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

3:40 ọ̀sán

Mo gun àtẹ̀gùn lọ síbi Kärnan, ilé ìṣọ́ bíríkì tó ṣẹ́kù nínú odi tó dojú kọ Kronborg láyé ọjọ́un. Ó ga tó mítà 35. Láti ibẹ̀, mo rí ààfin tí mo ti kúrò, òrùlé rẹ̀ aláwọ̀ ewé, àti ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn àgbàlagbà mẹ́rin yẹn á ṣì wà nínú ọ̀kan. Fọ́tò mẹ́tàdínlógún ni mo yà níbẹ̀, gbogbo wọn ló dára, mi ò sì rántí ìgbà tí mo yà wọ́n.

6:05 ìrọ̀lẹ́

Lund. Kẹ̀kẹ́ mi wà níbi tí mo so ó mọ́. Páálí wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo gbé e jáde, mo gbé e sórí tábìlì.

8:45 alẹ́

Oòrùn ò tíì wọ̀. Màámi tún pè.

"O ti délé?"

"Mo ti délé, Màmá."

"Páálí ńkọ́?"

"Ó wà níwájú mi yìí."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì wa lẹ́yìn wọn.

"Ọ̀rọ̀ ọba yẹn ni mo ti ń rò látàárọ̀," ni wọ́n wí. "Ká ní èmi ni mo lẹrù yẹn, mi ò ní pa iye rẹ̀ mọ́ rárá. Màá da èrè tèmi lé e, màá dárúkọ ẹ̀ síta gbangba, màá ní kó kó gbogbo ẹ̀. Mi ò tún ní wá oníbàárà kiri mọ́, ibẹ̀ ni màá ti kọrí sílé. Àmọ́ nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ bi ọ́. Ọba yẹn, ṣé owó ọwọ́ ló ń san, àbí àwìn ló ń rà?"